Ohun Alààyè Inú Òjò Dídì

Ẹni tí a bá bí ní Ìkìrun, ní Ìníṣà tàbí ní Òkukù, yìnyín tí í bá òjò àkọ́rọ̀ jábọ́ sórí páànù nìkan ni ó mọ̀. Àwa a máa sáré ṣà á jẹ ní kékeré, kí a sì tó ṣí ọwọ́, ó ti di omi. Òjò dídì tí í bo ilẹ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ní ìpẹ̀kun ayé, ìròyìn rẹ̀ ni à ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ẹ̀bá odò Ọ̀tìn tí kò mọ ohun aláwọ̀ ewé tí í yọ̀ sí ara àmù tí a kò fọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi àmù náà sọ́kàn, nítorí ìbátan ohun tí ń bẹ lára rẹ̀ ni ìtàn mi dá lé.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1818, John Ross, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà tí yóò gba òkè Amẹ́ríkà kọjá. Ní etí òkun Greenland ó rí òkè kan tí òjò dídì bò, ṣùgbọ́n tí ó pọ́n bí ẹni pé a da osùn sí i. Ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bu díẹ̀ wá, wọ́n sì gbé e sínú ìgò délé. Nígbà tí ó dé London, olúkúlùkù fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní irin tí ó já láti ojú ọ̀run ni. Francis Bauer, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ewéko, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó rí hóró pupa róbótó-róbótó, ó ní irú olu kan ni. Robert Brown ni ó sún mọ́ òótọ́ jù: ó ní ó jọ ewé inú omi. Ìbátan ti inú àmù wa nìyẹn! Àwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Pupa ni ó fi bora kí oòrùn má baà pa á lára. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní 2019 ni wọ́n sọ ọ̀kan pàtàkì nínú irú rẹ̀ ní Sanguina.

Ní 1870, Nordenskiöld, ará Sweden, gun orí yìnyín Greenland pẹ̀lú Berggren, onímọ̀ ewéko. Wọ́n rí eruku dúdú níbẹ̀. Ibi tí eruku náà bá bà sí, yìnyín a yọ́ di ihò. Berggren rí ewéko wínníwínní láàárín rẹ̀, Nordenskiöld sì sọ pé ohun kékeré yìí ń ran oòrùn lọ́wọ́ láti jẹ yìnyín. Ẹni tí ó bá ti wọ ẹtù lọ sí ọjà Ìkìrun ní ọ̀sán gangan ọ̀gbẹlẹ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ wọ funfun, kò ní bi mí bí ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù, ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2000, Carpenter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé bakitéríà ń bẹ nínú òjò dídì ibẹ̀, àti pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní 2003 Warren àti Hudson ta kò wọ́n: òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn àwọn méjì yìí ni mo wà. Kí afẹ́fẹ́ gbé àlejò wá sí ilé kò sọ pé ó ń dáná níbẹ̀.

Ti àríwá kò ní iyèméjì. Ní 2016, àwọn tí wọ́n bu òjò dídì pupa lórí òkè yìnyín 21 ròyìn pé ó ń dín agbára tí òjò dídì fi ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà kù ní 13 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìgbà yíyọ́ kan. Bí ó ti ń yọ́ ni omi ń pọ̀ fún ohun pupa náà láti mu, bí ó ti ń mu ni ó ń bí sí i. Omi tí ń ṣàn kúrò lórí yìnyín Greenland, inú òkun ni ó ń lọ. Òkun yìí kan náà ni ó ń jẹ etí ilẹ̀ ní Èkó, níbi tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù ti kọ́lé sí.