Ta Ló Ń Ṣọ́ Ojú Òṣìṣẹ́ X-ray?

Ìtàn ojú ni mo gbé wá lónìí.

Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Kò pẹ́ rárá tí ìpalára fi dé. Ní Amẹ́ríkà, Clarence Dally tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò. Ọwọ́ jóná, ó di jẹjẹrẹ, wọ́n gé e, ó sì kú ní 1904. Edison náà ráhùn pé ó ń yọ òun lójú, ló bá pa iṣẹ́ ọ̀hún tì. Ọwọ́ ni ayé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́, torí egbò ọwọ́ kì í fara pamọ́. Ti ojú kì í tètè hàn.

Nílẹ̀ tiwa, bọ́ǹbù ló kọ́kọ́ là wá lójú. Ní oṣù Kejì 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, òmìnira wa kò tíì dé. Ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó bí Federal Radiation Protection Service ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 2001, ìjọba dá àjọ NNRA sílẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán káàkiri Nàìjíríà.

Ọmọ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá X-ray ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí bi mí pé, "Bàbá, ṣé báàjì tí mò ń fi há àyà yìí ń ṣọ́ ojú mi náà?" Mo ní rárá o. Ohun tó bá àyà nìkan ló ń kà. Jígí inú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lè kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Bí ìtànṣán bá ba ibẹ̀ jẹ́, á máa ṣú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a ó fi ní ọjọ́ orí ló fà á.

Ibi tó ká mi lára jù rè é: títí di 2011, òṣùwọ̀n tí àjọ àgbáyé ICRP fọwọ́ sí fún ojú òṣìṣẹ́ jẹ́ 150 millisievert lọ́dún. Lọ́dún náà ni wọ́n já a sí 20, tí a bá pín in lórí ọdún márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹni tó pa òfin mọ́ ní 2010 lè ti gba ìlọ́po méje ohun tí a fàyè gbà lónìí, kó má sì mọ̀.

Kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ló wà nínú ewu jù. Dókítà àti nọ́ọ̀sì tó dúró ti aláìsàn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ni, torí ara aláìsàn ń ta ìtànṣán padà sójú wọn. Ẹ sún sẹ́yìn: bí ẹ bá sọ àlàfo di ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin péré ló kù. Ẹ wọ awò olójé. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú máa yẹ̀ yín wò látìgbàdégbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àmọ́ àwa fúnra wa la ó ṣọ́ ojú.