Láti Orí Àkọ́sórí dé Orí Òye: Ìtàn Ìdánwò Ọ̀rọ̀ àti Àkàyé nínú GRE

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìtàn bí a ṣe ń dán ìmọ̀ ọ̀rọ̀ àti àkàyé wò nínú GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń ṣàyẹ̀wò àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀síwájú lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ lọ gba oyè kejì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ náà máa ń ṣe é. Èrò wa ni pé ìdánwò yìí ti yí padà, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń múra sílẹ̀ fún un bí ẹni pé kò yí padà. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà lè fi owó àti oṣù púpọ̀ ṣòfò lórí ohun tí a kò ní bi í.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ìdánwò Náà

Ní ọdún 1936 ni àjọ Carnegie tí ó wà fún ìlọsíwájú iṣẹ́ ìkọ́ni dáwọ́ lé ètò yìí pẹ̀lú yunifásítì mẹ́rin: Harvard, Yale, Princeton àti Columbia. Ọdún 1937 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà. Máàkì tí ilé-ìwé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò rọrùn láti fi wé ti ilé-ìwé mìíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Nígbà tí a dá ETS sílẹ̀ ní ọdún 1947, ìdánwò yìí wà lára iṣẹ́ tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìgbà Ọ̀rọ̀ Adádúró

Kí ó tó di ọdún 2011, oríṣi ìbéèrè mẹ́rin ni ó wà ní apá èdè: ọ̀rọ̀ onítumọ̀ òdì, ìfiwéra ọ̀rọ̀, fífi ọ̀rọ̀ dí àlàfo, àti àkàyé. Méjì àkọ́kọ́ kò ní gbólóhùn nínú rárá. Bí ó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni, a lè béèrè pé: bí ọkọ́ ti jẹ́ sí àgbẹ̀, kí ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí alágbẹ̀dẹ? Ìdáhùn ni ọmọ owú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń pè ní ọmọ owú kò lè rí i yàn, bí ó ti wù kí làákàyè rẹ̀ jinlẹ̀ tó.

Ìdí nìyí tí àkọ́sórí fi gbilẹ̀. Àwọn olùdánwò a máa kọ ọ̀rọ̀ líle sí iwájú páálí kékeré, wọn a kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì máa kà á tọ̀sán-tòru. Ọgbọ́n ni lásìkò náà, nítorí ìbéèrè 30 ni wọ́n ń dáhùn ní ìṣẹ́jú 30 nígbà tí ìdánwò ti di ti kọ̀ǹpútà.

Àyípadà Ọdún 2011

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ETS yọ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ òdì àti ìfiwéra ọ̀rọ̀ kúrò. Láti ìgbà náà, inú gbólóhùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń jẹ yọ. Àlàfo lè jẹ́ ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta. Bí olùdánwò bá gba méjì tí ó ṣi ẹ̀kẹta, kò rí máàkì kankan. Oríṣi mìíràn ní kí a yan ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́fà tí yóò fún gbólóhùn náà ní ìtumọ̀ kan náà. Àkàyé sì kó nǹkan bí ìdajì gbogbo ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n gé ìdánwò náà kúrú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, apá èdè di ìbéèrè 27 ní ìṣẹ́jú 41. Èyí fi hàn pé àkókò tí a ní fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kíkà ni a fi ń lò ó.

Ohun tí Ó Yẹ kí Ìgbáradì Jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sanction. Ó lè túmọ̀ sí kí aláṣẹ fọwọ́ sí nǹkan. Ó sì tún lè túmọ̀ sí kí ó fi ìyà jẹ ẹni tí ó ṣe nǹkan náà. Ẹni tí ó kọ́ ìtumọ̀ kan sórí lè kọsẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Bí ìwé ìròyìn bá kọ “ọkọ” láìfi àmì ohùn sí i, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Òǹkàwé kì í dúró béèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó fi ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí olùdánwò kọ́kọ́ bo àwọn ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo, kí ó tó wo èyí tí wọ́n fún un. Kí ó ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ń yí ìtumọ̀ padà, irú bíi “ṣùgbọ́n” àti “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”. Nínú àkàyé, kí ó béèrè ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi múlẹ̀ àti ẹ̀rí tí ó gbé e lé. Inú àyọkà ni ìdáhùn wà, kì í ṣe inú ìmọ̀ tí òun ti ní tẹ́lẹ̀. A kò ní kí ó pa kíkọ́ ọ̀rọ̀ tì. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti bá a pàdé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìdánwò yìí ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ adádúró, ó ti bọ́ sórí òye. A dámọ̀ràn pé kí olùdánwò kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀ka tí ó ń lọ ṣì ń béèrè GRE, nítorí ọ̀pọ̀ ti dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀. Kí ó sì yẹra fún ìwé ìgbáradì tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àwọn àgbà sì ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹni tí ó bá lè sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi ni ìdánwò òde òní ń wá.