Ọ̀rọ̀ fún Gìtá Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé nípa àwo búlúùsì tí Hound Dog Taylor àti àwọn HouseRockers ṣe ní Chicago lọ́dún 1971, ẹnu ọ̀nà gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹni tó bá gbọ́ àwo náà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wọn ò dán an, wọn ò kùn ún, bó ṣe jáde lọ́wọ́ àwọn tó lù ú ni wọ́n ṣe gbé e fún wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún èyí, òun náà ni wọ́n sì ń lò fún ẹran tí kò tíì rí iná. Tá a bá sáré mú ọ̀rọ̀ tiwa tó wà fún irú ẹran bẹ́ẹ̀, "tútù" la máa mú, a ó sì ti ba orin náà jẹ́. Orin tútù lójú Yorùbá ni orin pẹ̀lẹ́, èyí téèyàn ń gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwo Taylor kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ńṣe ló ń lé èèyàn dìde lórí àga.

Ìdí agbè ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́ wà. Ẹmu tí ẹnikẹ́ni ò bu omi là, ògidì ni. A ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nídìí ẹmu tipẹ́, a ń sọ pé ògidì ọmọ Ìbàdàn, ògidì Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tá a ní lọ́kàn. Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò fi lo pọ́nbélé. Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ohun tí pọ́nbélé ń sọ ni pé àjèjì kò dà pọ̀ mọ́ nǹkan. Ògidì ń sọ ìyẹn, ó tún ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń ta ni lọ́fun. Ògidì búlúùsì ni mo máa pe àwo yìí.

Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Theodore Roosevelt Taylor ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìlú Natchez ní Mississippi ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1915, ó sì kó lọ sí Chicago lọ́dún 1942 bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú ṣe ń kúrò ní Gúúsù nígbà náà. Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bí i. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni, Olúgbódi lorúkọ tí ì bá mú tọ̀run wá. Gìtá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Japan ló ń ta, ó sì ń fi í sí áńpìlífáyà tí ilé ìtajà Sears ń tà, èyí tí sípíkà rẹ̀ ti ya. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni òun àti àwọn HouseRockers máa ń ṣeré ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Florence's, ní ìhà gúúsù Chicago. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Bruce Iglauer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Delmark Records, gbọ́ wọn níbẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó gba ohùn wọn sílẹ̀, ìyẹn ò ṣe é. Ni Iglauer bá kó 2,500 dọ́là tó jogún síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Alẹ́ méjì ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ Alligator Records ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọn ò lé ohùn kan lórí òmíràn lẹ́yìn tí wọ́n lù ú tán. Taylor àti àwọn HouseRockers méjèèjì dúró sínú yàrá kan náà, wọ́n lù ú pa pọ̀ bí wọ́n ṣe ń lù ú fún àwọn oníjó. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyẹn: ojú agbo. Orin ojú agbo yàtọ̀ sí orin inú sítúdíò, gbogbo ẹni tó ti lọ sóde àríyá rí ló mọ̀ ọ́n. Inú sítúdíò ni wọ́n ti gba ti Taylor, síbẹ̀ orin ojú agbo ni. Mi ò rí ìdí kankan tá a fi ní láti wá ọ̀rọ̀ míì.

Orúkọ orin náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń wu èèyàn láti pe búlúùsì ní orin ìbànújẹ́, nítorí ìbànújẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún nílé àwọn tó ni ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára orin tó gbajúmọ̀ jù lórí àwo yìí ni "Give Me Back My Wig". Ọkùnrin kan ló ń ní kí obìnrin dá wíìgì òun padà! Ijó ni wọ́n ń jó sí i. A kì í túmọ̀ jùjú, a kì í túmọ̀ fújì, a kì í sì í túmọ̀ àpàlà. Orúkọ ni wọ́n. Búlúùsì náà orúkọ ni, ká kọ ọ́ bí ahọ́n wa ṣe ń pè é, ká sì máa lọ.

Ní ti ẹ̀rọ, iṣẹ́ tó kù fún wa ò pọ̀, torí ó pẹ́ táwọn èèyàn wa ti ń bá rẹ́kọ́ọ̀dù gbé. Ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọrin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone nílùú London. Haruna Ishola dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́yìn tí àwo tirẹ̀ ti kún ilé kún ọ̀nà. Ọdún 1971 yìí kan náà ni Oroki Social Club rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń ra àwo nígbà náà ò dúró de ọ̀mọ̀wé kankan kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní apá, wọ́n ní páálí rẹ́kọ́ọ̀dù, ojú kìíní, ojú kejì. Bí ojú kìíní bá tán, wọ́n á ní kí ọmọ yí i padà. Bí oòrùn bá pa á, wọ́n á ní ó ti lọ́. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ká ṣọ́ra fún ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ike ni, àmọ́ ẹni tó bá kọ "àwo ike", ìrẹsì ló máa wá sọ́kàn ẹni tó ń kà á. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa nínú ọ̀ràn ẹ̀rọ ni ọ̀nà tóóró tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Poro ni mo fara mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ro oko rí mọ poro, àyè gbọọrọ tó wà láàárín ebè sí ebè. Ẹ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sún mọ́ fèrèsé kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á, ẹ máa rí poro náà lójú rẹ̀. Níbi tí orin bá ti le, ó máa dà bíi pé ojú rẹ̀ rí wẹ́wẹ́; níbi tí orin kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé poro oko pọ̀, ti rẹ́kọ́ọ̀dù ò ju ẹyọ kan lójú kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ létí, ó ń ká wọnú títí tó fi dé ẹ̀bá bébà àárín. Irú àwo yìí, tí Columbia gbé jáde lọ́dún 1948, ìgbà 33⅓ ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá lè tú poro ojú kan tó gba ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n sì nà án sílẹ̀, ó máa ju 400 mítà lọ. Ara ògiri poro yẹn ni ohùn wà: ti sípíkà òsì wà lára ògiri kan, ti ọ̀tún wà lára èkejì, abẹ́rẹ́ sì ń gbọ̀n láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn poro ni pé ó ń bí ọmọ. Abẹ́rẹ́ wọ poro. Abẹ́rẹ́ ya kúrò ní poro. Poro ti jẹ, ìdọ̀tí ti dí poro. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò àlàyé. Ẹ fi èyí wé irú orúkọ gígùn tá a máa ń fún ẹ̀rọ, tó ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí èémí á fi tán lẹ́nu ẹni kó tó pè é parí. Mi ò kẹ́gàn àwọn ọ̀mọ̀wé o. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ wúlò gidigidi fún olùkọ́ tó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà. Ṣùgbọ́n orin kì í ṣe kíláàsì. Àga ẹni tó ń gbọ́ ọ ló yẹ kí orúkọ nǹkan inú orin ti wá. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìwà tó hù sí wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ èsì. Ó pẹ́ tí orúkọ yẹn ti wà lẹ́nu wa.

Láti àga yẹn ni mo fi ń wá ọ̀rọ̀ fún ohùn gìtá Taylor. Bí wọ́n bá yí áńpìlífáyà kọjá agbára rẹ̀, kì í lè gbé ìgbì ohùn tán mọ́, orí ìgbì náà á gé, ohùn á wá máa jáde pẹ̀lú ìgbóná kan tí kò sí lára okùn gìtá fúnra rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè á fẹ́ ká pe èyí ní ìbàjẹ́ ohùn. Ta ló bà á jẹ́? Bí Taylor ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Yorùbá máa ń ní ohùn ẹnì kan há, bí ẹni tó ti kọrin mọ́jú. Híhá kì í ṣe àbùkù fún olórin lọ́dọ̀ wa. Ohùn Wasiu Ayinde há díẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gbọ́ fújì. Gìtá Taylor há. Kò tún sí ọ̀rọ̀ míì tó lè wọlé síbẹ̀ bí eyín ṣe ń wọ inú erìgì.

Irin ọwọ́ rẹ̀ tún kù. Ọ̀pá irin kékeré kan ló ń kì bọ ìka, tí ó ń fi rìn lórí okùn gìtá, dípò kó máa tẹ okùn mọ́ igi. Torí náà ohùn kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ńṣe ló ń wọ́ lọ. Mo ti rò ó bóyá ká lo "yọ̀", ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ "gìtá ayọ̀", ìdùnnú ni gbogbo ayé máa kà. Ohun tá a ń sọ nípa akọrin tó bá ń na ohùn ló dára jù: ó ń fa ohùn. Taylor ń fi irin fa ohùn. Etí wa ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Ẹ rọra pe "ọ̀pá", ẹ máa gbọ́ bí ohùn òkè yẹn ṣe ń gun òkè láti ìsàlẹ̀ kó tó débẹ̀. Onígángan tó ń fún ìlù rẹ̀ lábẹ́ apá ń ṣe ohun kan náà. Ẹni tó bá sì ní àwo Sunny Adé tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù bá a ta gìtá onírin nínú rẹ̀, ó ti ń gbọ́ fífa ohùn nínú jùjú tipẹ́.

Taylor ò ní ẹni tó ń ta béèsì. Brewer Phillips ló ń fi gìtá lásán ṣe iṣẹ́ yẹn, Ted Harvey sì wà nídìí ìlù. Àwọn onílù wa ti yanjú orúkọ ipò wọ̀nyí ká tó bí wa. Taylor ni ìyáàlù, Phillips ni omele. Bí Taylor bá sì sinmi, bíi nínú "Phillips' Theme", omele á gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìlù Harvey, èyí tó ń fa ìlù kan gùn, tó ń gé èkejì kúrú, mo máa pè é ní ìlù wọ́sẹ̀, torí pé bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń fẹ́ ṣe nìyẹn bó bá gbọ́ ọ. Ní ti ariwo kéékèèké tí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ máa ń pa, ó ń ta, bí iyọ̀ ṣe ń ta nínú iná. Títa rẹ́kọ́ọ̀dù ò dí mi lọ́wọ́ rí.

Bí mo bá fẹ́ júwe àwo náà fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé.

Abẹ́rẹ́ wọ poro, ó ta díẹ̀, "She's Gone" sì bẹ́ jáde. Gìtá Taylor ti há kó tó lanu kọrin. Phillips gbé omele lọ sísàlẹ̀, kò fi àyè kankan sílẹ̀ tí èèyàn á fi máa wá béèsì, Harvey ń wọ́sẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ojú agbo ni látòkè délẹ̀. Ẹ yí i padà. Nígbà tó bá kan "It Hurts Me Too", wọ́n á dẹ eré, Taylor á sì fi irin fa ohùn kan títí tí èèyàn ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ ẹkún àti èyí tó jẹ́ orin. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ wíìgì bẹ̀rẹ̀. "55th Street Boogie" ló kẹ́yìn, ìlù wọ́sẹ̀ ni, ògidì ni. Tó bá dé ibẹ̀, ẹ yí ohùn sókè títí sípíkà tiyín náà á fi fẹ́ máa há.