Ewu Kékeré nínú Tẹ́tẹ́ Bọ́ọ̀lù: Láti Orí Púùlù Dé Orí Fóònù



Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, yóò kọjá ní Ìbàfò àti Mówè. Ẹni tí ó bá sì ń lọ sí Abẹ́òkúta lè gba Ifọ̀. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, yóò rí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní Owódé Ẹ̀gbá pàápàá, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa pé owó ti dé, kò sí ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ta á: “Eléyìí kò léwu.” Wọ́n ní àwọn kò sọ pé ẹgbẹ́ báyìí yóò borí, pé àwọn kàn sọ pé wọn kò ní í na ẹgbẹ́ náà ni. Òótọ́ ni pé irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ tẹ́tẹ́ tí ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà ni tẹ́tẹ́ tí ń mú owó wálé? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní 1923, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wáyà dá owó jọ, 50 pọ́ùn lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn ni John Moores, Colin Askham àti Bill Hughes. Wọ́n tẹ 4,000 kúpọ́ọ̀nù, wọ́n sì há a fún àwọn èrò níwájú pápá Manchester United. 35 péré ni ó padà sọ́wọ́ wọn. Àwọn méjì yòókù sú lọ. Moores dúró tì í. Ilé-iṣẹ́ náà ni Littlewoods, òun ni ó sì sọ Moores di olówó ńlá.

Báyìí ni púùlù ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó gbogbo àwọn tí ó ta á ni a ó kó sójú kan. Ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó jẹ yóò pín ìyókù. Ní 1946, irú púùlù kan jáde tí a ń pè ní Treble Chance: kí ènìyàn yan eré mẹ́jọ tí yóò parí sí ọ̀mì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ nínú ayò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí: bí eré 49 bá wà lórí kúpọ́ọ̀nù, ọ̀nà tí a lè gbà yan mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ 450,978,066. Nígbà tí wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré ilẹ̀ Australia ni wọ́n ń lò láti 1949. Nígbà tí yìnyín sì bo pápá ní January 1963, àwọn ènìyàn kan jókòó sínú yàrá, wọ́n ń sọ bí eré tí a kò gbá ì bá ti parí! Tẹ́tẹ́ ń lọ láìsí bọ́ọ̀lù.

Púùlù dé ọ̀dọ̀ wa náà. Kessington Adebutu, ọmọ Ìperu Rẹ́mọ, jẹ́ aṣojú púùlù kí ó tó dá Premier Lotto sílẹ̀ ní 2001, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú. Ní 2009, Akin Alabi bẹ̀rẹ̀ Nairabet lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013, Bet9ja dé. Kunle Soname wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, òun kan náà ni ó ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025.

Tẹ́tẹ́ orí fóònù yàtọ̀ sí púùlù. Iye tí a ó gbà ti wà lójú tíkẹ́ẹ̀tì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ọ́ọ̀dì. Oríṣiríṣi tẹ́tẹ́ sì wà tí wọ́n ní ewu rẹ̀ kéré. Nínú ọ̀kan, a ó mú ìyọrísí méjì nínú mẹ́ta: kí onílé borí, tàbí kí wọ́n ta ọ̀mì. Nínú òmíràn, bí wọ́n bá ta ọ̀mì, a ó dá owó wa padà fún wa. Òmíràn ní kí góòlù sáà ti tó méjì. Òmíràn sì wá láti ilẹ̀ Indonesia, níbi tí a ti ń fún ẹgbẹ́ tí kò lágbára ní góòlù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Joe Saumarez Smith, ni ó sọ ọ́ ní Asian handicap ní 1998.

Ẹ jẹ́ kí a mú eré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ́ọ̀dì onílé jẹ́ 2.00, ti ọ̀mì 3.20, ti àlejò 3.60. Ká ní ẹnì kan fẹ́ gba 1,000 náírà, bí eré náà ìbáà ti wù kí ó parí. Yóò fi 500 sórí onílé, nǹkan bí 312 sórí ọ̀mì, àti 278 sórí àlejò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,090. Ó san 1,090 kí ó lè gba 1,000! 90 náírà yẹn ni oúnjẹ ilé tẹ́tẹ́.

Ẹ wá wo èyí tí kò léwu. Onílé àti ọ̀mì papọ̀ jẹ́ 812 náírà, kí a lè gba 1,000. Ọ́ọ̀dì 1.23 nìyẹn. Tẹ́tẹ́ méjì ni wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n fún un ní orúkọ tuntun. Oúnjẹ ilé tẹ́tẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá ṣírò rẹ̀ ní àṣírò-gún, irú tẹ́tẹ́ yìí yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 75 nínú 100. Ẹni tí ó ta á nígbà 100, ní 1,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, yóò ná 100,000. Yóò gba 1,230 nígbà 75, èyí tí í ṣe 92,250. Ó ti pàdánù 7,750. Ẹni tí ó mú onílé nìkan ńkọ́? Yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 46, yóò gba 92,000, yóò pàdánù 8,000. Ǹjẹ́ ẹ rí i? Ọ̀kan jẹ lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àdánù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ewu kékeré ń dín kù ni ìjayà. Kò dín oúnjẹ ilé tẹ́tẹ́ kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibi tí ó burú sí ni pé 230 náírà kì í tó àwọn ọ̀dọ́. Wọn a so irú eré bẹ́ẹ̀ márùn-ún pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ọ́ọ̀dì rẹ̀ yóò di 2.82, ṣùgbọ́n gbogbo márààrún gbọ́dọ̀ jẹ. Nǹkan bí ìgbà 24 nínú 100 ni yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ra 100 irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ju 32,000 lọ. Èyí tí kò léwu, nígbà tí a so ó pọ̀, ó ti di eléwu, ilé tẹ́tẹ́ sì ti bu tirẹ̀ nígbà márùn-ún.

N kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Ní November 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ tí a ṣe ní 2005, ó ní ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Àgbàlagbà tí ó fi owó tí kò ní pa á lára ta á, ó ra ìdùnnú ọjọ́ Sátidé ni, bí ẹni san owó wo sinimá. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ, owó ọjà, àti owó iṣẹ́ tí a kọ́, kì í ṣe owó sinimá.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ta á, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ iye tí ẹ san sí apá kan, kí ẹ kọ iye tí ẹ gbà sí apá kejì, fún oṣù mẹ́ta. Ènìyàn a máa rántí ọjọ́ tí ó jẹ. Ìwé ni yóò rántí ọjọ́ tí kò jẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tún ìṣirò wa ṣe fúnra yín, kí ẹ sì fi í han àwọn ẹ̀gbọ́n yín nílé. Bí ó ti wù kí a ṣe Ifá tó, ìwà èkùrọ́ ni yóò hù. Bí a ti wù kí a pààrọ̀ orúkọ tẹ́tẹ́ tó, tẹ́tẹ́ náà ni.

Ó dìgbà míràn. Ó dàbọ̀ o.