Ìwádìí

Lára pátákó ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ̀ aláìsàn sínú ìgò kékeré, ni mo ti ka “ìwádìí”. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àyẹ̀wò lásán ni iṣẹ́ wọn.

“Wá” àti “ìdí” ni a so pọ̀ di “wádìí”, èyíinì ni pé kí a tú ọ̀rọ̀ títí a ó fi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹ̀pẹ́ tí ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, yíyẹ̀ ni ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń béèrè ohun tí ó mú ẹja ọ̀sà wọ́n ni ó ń wádìí. Àwọn tí ó kàn sọ pé “àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí”, wọn kò tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò ti fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà kí àwọn onímọ̀ ibùdó Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, tó fi ìwádìí tọpa ìran kòkòrò àrùn náà. Irú iṣẹ́ báyìí náà ni ẹni tí ó gboyè Ọ̀mọ̀wé tán tí kò tí ì di olùkọ́ máa ń ṣe, ìbáà máa ya àwòrán inú sẹ́ẹ̀lì, ìbáà máa fi kọ̀ǹpútà tú òǹkà. A lè wí pé: “Ọ̀mọ̀wé náà ń ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjì.”