Bí Àjàyí Crowther Ṣe Di Òǹkọ̀wé ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ṣàṣìṣe. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lónìí, àṣìṣe náà nìkan ni olùkọ́ ń wá nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo kíláàsì yóò kọ àròkọ lé. Bíírò pupa yóò kọjá lára rẹ̀, ìwé yóò padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì, ṣùgbọ́n kò tíì di òǹkọ̀wé. Ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Láti ọwọ́ olówó kan ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìdè sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827.

Ní 1837, ó kọ lẹ́tà kan sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú lẹ́tà náà ni ó ti ròyìn bí ogun ṣe wọ ìlú rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi okùn sí wọn lọ́rùn, àti bí wọ́n ṣe tà á láti ibì kan dé ibòmíràn. Olùkọ́ lè tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó lè bá a sọ ìtàn náà. Ẹni tí ó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó mọ̀ ọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tí ọ̀gá ń tẹ́tí sí.

Àṣà ẹgbẹ́ CMS ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Crowther bá àwọn òyìnbó rin ìrìn àjò gba ojú Odò Ọya ní 1841, ó ń kọ déètì, orúkọ ìlú, àti ọ̀rọ̀ tí ó bá àwọn ọba sọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn àjò náà. Ní 1842, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti J. F. Schön. Ó tún lọ ní 1854. Nígbà tí ìwé ìrìn àjò yẹn jáde ní 1855, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Ọdún 18 ni ó wà láàárín lẹ́tà sí Jowett àti ìwé yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kì í ṣe ìròyìn iṣẹ́ nìkan ni ó kọ. Ní oṣù kẹjọ 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Èdè tí wọ́n kọ́ ọ ní Sàró ti lè gbé ẹkún àti ayọ̀ rẹ̀.

Òmìnira náà kò pé o. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń yan ohun tí wọn yóò tẹ̀ jáde àti ohun tí wọn yóò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Crowther kò dúró sídìí èdè àjèjì. Ní 1843, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wá ń kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Yorùbá.

Kì í ṣe òun nìkan. Samuel Johnson náà kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ CMS ní àkókò ogun, kí ó tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, ó sì jáde ní 1921.

Ohun mẹ́ta ni àṣà náà fún wọn: ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tiwọn, òǹkàwé tí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n, àti kíkọ tí kò dáwọ́ dúró. Ọmọ tí ó bá ń ròyìn fún ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yan gàrí yóò fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà gbọ́ òun yé. Ẹ̀kọ yóò ra á lọ́wọ́, kò burú. Kí a sáà má gba ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.