Orúkọ Ilẹ̀ Ń Pawó, Onílẹ̀ Wà Lẹ́yìn Odi
Ní 1965 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gé erékùṣù Chagos kúrò lára Mauritius. Láàárín 1968 sí 1973, wọ́n kó gbogbo ará ibẹ̀ lọ, ó kéré tán 1,500 èèyàn, kí Amẹ́ríkà lè fi Diego Garcia ṣe ibùdó ológun. Ajá wọn pàápàá, ẹ̀yin èèyàn, wọ́n pa á!

Ní 1997, ilẹ̀ tó ku kìkì sójà yìí gba àmì íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀: .io. Àwọn oníkọ̀ǹpútà fẹ́ ẹ bí ẹní fẹ́ ìyàwó, torí lẹ́tà méjì náà ni wọ́n fi ń pe ohun tó ń wọnú ẹ̀rọ àti èyí tó ń jáde. Ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ṣé onílẹ̀ ló ń gbà á? Rárá o, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. Ní 2021, àwọn ọmọ Chagos tó wà ní ìlú ọba gbé ẹ̀sùn lọ síwájú ìjọba Ireland, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ìpín tàwọn.